Ọwọ́ Òsì Àwọn Tíṣà

Ọwọ́ òsì la fi ń kọ ọ́.

N kò sọ pé alọ́wọ́ òsì ni wá o. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wa fi ń jẹun, òun la fi ń na ọmọ, òun náà la fi ń júwe ilé fún àlejò. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ àwọn òbí pé, ìyẹn ọjọ́ tí bàbá àti ìyá máa ń wá yẹ ìwé ọmọ wọn wò ní ilé-ìwé wa ní Ibafo, gbogbo tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi á ki pẹ́ńsù bọ ọwọ́ òsì. Ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò lè kọ ìwé kún. Òbí sì fẹ́ ìwé tó kún. Àwa la wá ń bá wọn kọ ọ́: A títí dé Z, oókan títí dé àádọ́ta, ojú ewé tẹ̀lé ojú ewé. Ọwọ́ òsì máa ń gbọ̀n, ìlà rẹ̀ máa ń wọ́, ó sì máa ń jọ ti ọmọdé.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Sàúdátù, tíṣà tí kíláàsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ọmọ Ìwó ni, ọkọ rẹ̀ ń lẹ táìlì káàkiri àwọn ilé tuntun ní Mowe. Sàúdátù á yí ikùn 5 sẹ́yìn, á jẹ́ kí S kọjú síbi tí kò yẹ, á fi rọ́bà pa á rẹ́ títí bébà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, á wá fi ìka tó fi jẹ bísíkíìtì tẹ etí ìwé.

"Màmá," á ní, "ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sọ fún mi pé ọmọ ọdún mẹ́ta kọ́ ló kọ eléyìí."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Adéyẹ́misí ni orúkọ mi. Ifọ̀ ni wọ́n bí mi sí, Èkó ni mo ti ṣe tíṣà ìjọba fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó lọ sínú yàrá méjì tí mo kọ́ sí Mowe, ọwọ́ mi kò sì gbà pé iṣẹ́ ti tán. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Fúnmi nìyẹn. Òun ló dá ilé-ìwé náà sílẹ̀. Mo fi ogún ọdún jù ú lọ, síbẹ̀ Mọ́mì ni èmi náà ń pè é, bí gbogbo tíṣà ṣe ń pè é, òun náà sì ń pè mí ní Màmá. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti wà lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Kánádà. Ìrẹsì Ọ̀fàdà wà níbí o, nínú ọ̀rá tó ń dán, ṣùgbọ́n kò ní òkúta kankan nínú. Ọmọ-ọmọ mi kàn ń jẹ ẹ́ ni. Mo wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkàn mi sì padà sí Ibafo. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Kí n tó dé Ibafo rárá, ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì kan ti wà lọ́rùn mi. Ní Èkó, mo ní ọmọ kan ní kíláàsì tó ń jẹ́ Sàlísù. Ọwọ́ òsì ló fi ń mú pẹ́ńsù. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nígbà náà ni pé ìwà tí kò dáa ni, kí á tètè gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Mo fi ìborùn mi so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo tú u sílẹ̀, mo gbé pẹ́ńsù sí iwájú rẹ̀. Ó wo pẹ́ńsù náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì. Kò kọ ohunkóhun mọ́ títí ọdún yẹn fi parí. Mo ní olórí kunkun ni. Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbà fún ara mi pé èmi ni mo ba ọmọ yẹn jẹ́.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe yí kíláàsì mi padà ní Ibafo. N kò kà á níbì kankan, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti rí i. Ní Ifọ̀, ìyá mi á da ìrẹsì Ọ̀fàdà sórí àtẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta inú rẹ̀. Kò ní pe ọmọ kankan. Ọmọ á wá fúnra rẹ̀, á jókòó, á wò ó títí, á na ọwọ́. Tó bá ṣèèṣì mú ìrẹsì tó fi òkúta sílẹ̀, ìyá mi á máa wo ibòmíràn. Tó bá yá, ọmọ náà á rí i. Bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n ṣa nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ òun.

Mo ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ pẹpẹ kíláàsì mi kúrú kí ọwọ́ ọmọ lè tó o. Mo to ife àti jọ́ọ̀gì omi sí i, mo to ìgbálẹ̀ kúkúrú, aṣọ tó ní bọ́tìnnì, àti àtẹ ìrẹsì tí òkúta rẹ̀ pé. Kí oníkálukú mú èyí tó bá wù ú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri, kí n máa wo ẹni tó ti tó ohun kan ṣe, kí n gbé e sún mọ́ ọn kó tó mọ̀ pé òun ń wá a. Kò rọrùn o. Tí ọmọ bá ń jìjàkadì pẹ̀lú bọ́tìnnì kan fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ mi á máa yún mi. Mo bá ń jókòó lé wọn lórí. N kò fi ṣe àwàdà. Màá ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, màá tẹ̀ wọ́n mọ́ àpótí. Nígbà tó yá, mo gbójú sókè lọ́jọ́ kan, Muqtadir, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ń gbìyànjú láti de bàtà rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́rin sì jókòó yí i ká, gbogbo wọn jókòó lé ọwọ́ wọn.

Fúnmi rí i, ó ní, "Màmá, àwọn ọmọ yín ti ń ya wèrè." Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Sáà kejì ọdún yẹn ni wọ́n mú Tolúwalọpẹ́ wá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, obìnrin, ó tínrín, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ti fi rúlà na ìka rẹ̀ níbi tó ti wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi pẹ́ńsù sórí tábìlì láìrò ó. Lọpẹ́ wò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì.

 Mo kó gbogbo pẹ́ńsù kíláàsì, mo tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìdí àtẹ ìrẹsì ló lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà níbẹ̀. Ìka márààrún ló fi ń mú òkúta níbẹ̀rẹ̀, ó di mẹ́ta, ó wá di àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá. Ó ń to òkúta náà sórí sìmẹ́ǹtì, ńlá sí kékeré. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo gbọ́ tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Òkúta kọ̀ọ̀kan ti ní orúkọ. Muqtadir nìyí, Jésùlayọ̀mi nìyí, èyí tó tóbi jù ni Màmá. Láràárọ̀ á tò wọ́n ní ìlà, á gbójú wo kíláàsì, á sì mú òkúta ẹni tí kò bá wá sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́tọ̀. Kò ṣì í rí. Mo ní rẹ́jísítà tí ìjọba fọwọ́ sí, ti Lọpẹ́ ni mo máa ń wò kí n tó kọ tèmi.

Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀, Káyọ̀, bá a nídìí àtẹ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Erékùṣù Èkó ni Káyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìdájí ló ń jáde nílé, kì í sábà dé ilé-ìwé. Ọjọ́ yẹn kò lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ mi ń ṣe yẹn?"

"Ó ń ṣa ìrẹsì."

"Ó ń ṣa ìrẹsì." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ohun kíkorò wò. "Màmá, Ẹdẹ ni wọ́n ti tọ́ mi. Ìyá mi ṣa ìrẹsì fún àwọn olówó títí ojú fi ń dùn ún, kí ọmọ tèmi má baà ṣa á ni. Ṣé iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ lẹ wá ń kọ́ ọ níbí?"

"Òun ló mú un fúnra rẹ̀, Bàbá Lọpẹ́."

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, kí ló mọ̀ tó fẹ́ mú? Ẹ gbọ́ mà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Tí n kò bá rí nǹkan gidi nínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ àwọn òbí, ilé-ìwé kan ní Magboro ló ń lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ti ń kọ ọgọ́rùn-ún."

"Kí ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níbẹ̀?"

"Pàṣán," ó ní. Ojú kò tì í. "Òun ni wọ́n fi kọ́ èmi náà."

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, Fúnmi wọlé tọ̀ mí wá. Ó gbé ìwé méjìlá sórí tábìlì mi, pẹ́ńsù sì wà lórí wọn.

"Màmá, ẹ bá mi fọwọ́ kan àwọn ìwé yìí."

"Ọwọ́ wo nínú méjèèjì, Mọ́mì?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"N kò ní ṣe é."

"Màmá, láti ibí dé Mowe, ilé-ìwé wo ni kò ṣe é? Mo gbà yín láyè. Ẹ gé ẹsẹ̀ pẹpẹ mi, n kò sọ̀rọ̀. Ẹ da ìrẹsì sílẹ̀ nínú kíláàsì mi, n kò sọ̀rọ̀. Eléyìí nìkan ni mo tọrọ."

"Ẹ ní kí n gbá gbogbo ọgbà, màá gbá a. Ẹ ní kí n fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ, mo kúkú ń fọ̀ ọ́. Eléyìí, rárá."

"Nítorí ìwé òfìfo lẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n mú Lọpẹ́ lọ síbi tí wọ́n á ti máa nà án? Tí wọ́n bá nà án, ẹ̀yin lẹ fà á o."

Ó mọ ibi tó máa dùn mí. Ènìyàn burúkú kọ́ ni Fúnmi, ilé-ìwé tó fi òógùn rẹ̀ kọ́ ló ń gbà là. Mo wo pẹ́ńsù náà. Mo rí ọwọ́ Sàlísù nínú ìborùn mi. Ọwọ́ tí mo so mọ́ àga nígbà yẹn, òun ni wọ́n ní kí n wá máa fi purọ́.

"Màá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra mi," mo ní.

"Tí ẹ kò bá kọ ọ́," ni Fúnmi wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má wá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ àwọn òbí."

Sàúdátù ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ara ògiri. Ó yọjú. "Màmá, ẹ kó wọn wá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Ẹ kò ní fọwọ́ kàn án rárá, ẹ kàn máa wo fèrèsé."

"Sàúdátù, má fọwọ́ kàn án."

"Ẹ le o, Màmá."

"Mo le. Má fọwọ́ kàn án."

Ọjọ́ àwọn òbí pé. Àwọn ìyá àti bàbá jókòó sórí àga rọ́bà, àwọn ọmọ wà nídìí tábìlì wọn. Mo ti to ohun tí màá sọ fún Káyọ̀: ìwé ọmọ yín ṣófo, ohun tó wà níbẹ̀ dípò rẹ̀ nìyí, ẹ wá kí n fi hàn yín. Ó mú ìwé Lọpẹ́ lórí pẹpẹ, ó ṣí i. Ojú rẹ̀ là.

Ó ṣí ojú ewé kejì. Ó ṣí ìkẹta. Ìwé náà kún. Mo rí i láti ibi tí mo dúró sí, ikùn 5 kọjú sẹ́yìn. Mo wo Sàúdátù. Sàúdátù ń wo fáànù òkè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú: inú mi dùn. Kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Ọmọ náà kò ní lọ mọ́.

"Lọpẹ́! Ọmọ Dádì!" Káyọ̀ gbé ìwé náà sí iwájú rẹ̀. "Ìwọ lo kọ gbogbo eléyìí?"

Lọpẹ́ wo ìwé náà dáadáa. "Èmi kọ́."

Ìyá Muqtadir bú sẹ́rìn-ín. "Ojú ń tì í ni. Tèmi náà ní òun kọ́."

"Ìwọ ni, jàre. Orúkọ rẹ ló wà lára ìwé." Káyọ̀ mú pẹ́ńsù láti àpò rẹ̀. "Ó yá, kọ oókan fún Dádì kí gbogbo wọn rí i."

Ọwọ́ méjèèjì wọ abẹ́ tábìlì.

"Lọpẹ́."

"Èmi kọ́, Dádì."

"Àwọn ọmọdé máa ń gbàgbé," Fúnmi dá sí i kíákíá.

"Kò gbàgbé, irọ́ ló ń pa." Ohùn Káyọ̀ ti le. "Ọmọ ọdún mẹ́rin, o ti ń wo ojú mi purọ́? Gbé ọwọ́ yẹn sókè! Mo ní gbé e sókè!"

Ọmọ náà kò gbé e sókè. Kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

"Ọmọ yìí kò purọ́," mo ní.

N kò mọ̀ pé ohùn mi ròkè tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé yíjú sí mi.

"Màmá," ni Fúnmi wí.

"Nínú gbogbo wa tó wà nínú yàrá yìí, òun nìkan ni kò purọ́. Àwa tíṣà la kọ ọ́. Tirẹ̀, ti gbogbo wọn, ti ọdún yìí, ti èṣí. Ọwọ́ òsì la fi ń kọ ọ́, kó lè jọ tiwọn."

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" bàbá kan wí láti ẹ̀yìn. Ẹlòmíràn ní ogbó ti ń dà mí láàmú. Mo gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ Káyọ̀, mo fi sí ọwọ́ òsì, mo tẹ̀ ba lórí ìwé láti kọ 5 kan. Pẹ́ńsù yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ jọ àkekèé. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí, ṣùgbọ́n mo tún mú pẹ́ńsù náà.

Àga kan dún lẹ́yìn mi. Sàúdátù ti dìde.

"Màmá, ẹ mú un wá," ó ní. "Ẹ kò mọ̀ ọ́n kọ."

Ó lóṣòó ti tábìlì kékeré yẹn. Ó kọ oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Nígbà tó dé aárùn-ún, ó yí ikùn rẹ̀ sẹ́yìn láìwò ó. Ó fi ìwé náà lé Káyọ̀ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun tí mo wá ń gbọ́ ni ìró bébà káàkiri yàrá, tí àwọn òbí ń ṣí ìwé ọmọ tiwọn.

"Háà," ni ìyá Muqtadir wí. "Tíṣà, bísíkíìtì tó wà lára ìwé Muqtadir ńkọ́?"

Sàúdátù kúnlẹ̀. "Tèmi ni, mà."

Fúnmi kò pariwo. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́."

"Mo mọ̀, Mọ́mì. Tó bá tún di ọ̀la, ohun kan náà ni màá ṣe."

Káyọ̀ ti gbé Lọpẹ́ sọ́rùn. Kò kí ẹnikẹ́ni. "Mọ́ńdè, Magboro," ló sọ, ó sì jáde. Mo rí ọwọ́ Lọpẹ́ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó di ìkúùkù, ó di nǹkan mú nínú rẹ̀ pinpin. Mo gbé àpótí mi, mo gbé àtẹ mi sórí, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mowe. Mo sunkún díẹ̀. N kò kábàámọ̀ o. Èèyàn lè sunkún láìkábàámọ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, láàárọ̀, mo ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi nígbà tí ọkọ̀ kan dúró. Káyọ̀ ló jáde, ó di Lọpẹ́ lọ́wọ́ mú, agolo mílíìkì kan sì wà lọ́wọ́ kejì. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí kò tíì pinnu.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Sàúdátù ló júwe ilé yín."

"Ẹ káàbọ̀. Magboro ńkọ́?"

"A dé ẹnu géètì wọn lánàá, a sì padà." Ó nu ojú. "Mo bá a lórí ilẹ̀ pálọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó to òkúta. Mo ní ta nìyí, ó ní Muqtadir. Ta nìyí, ó ní Mọ́mì òun. Mo wá rí ọ̀kan lọ́tọ̀, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Mo ní ta nìyẹn, ó ní, 'Dádì.' Mo ní kí ló dé tí Dádì fi dá wà? Ó ní, 'Dádì kì í sí nílé.'"

 Ọ̀kadà kọjá, eruku dìde, ó rọlẹ̀.

"Nígbà wo ló máa kọ oókan, Màmá?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ kò mọ̀? Tíṣà ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n?"

"N kò mọ̀, n kò sì ní purọ́ fún yín. Tí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa dá ọjọ́ fún yín, wọ́n wà ní Magboro, wọ́n wà ní Ibafo, wọ́n pọ̀ lọ lójú ọ̀nà. Níbí, a kì í dá a."

Lọpẹ́ ti já ọwọ́ gbà. Ó da òkúta inú agolo náà sórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Òkúta kan yí lọ sábẹ́ àga. Káyọ̀ bẹ̀rẹ̀ kíá láti bá a mú un.

"Ẹ fi sílẹ̀," mo ní. "Ẹ jókòó lé ọwọ́ yín."

Ó wò mí. Ó wo aago rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Lọpẹ́ fi àyà wọ́ lọ sábẹ́ àga, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde pẹ̀lú òkúta náà àti eruku nírun. Ó mú un wá sínú ìlà.

Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ṣe di ilé-ìwé nìyẹn. Muqtadir dé lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tí mo ń bọ̀ níbí, Sàúdátù ló gba kọ́kọ́rọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ó ní òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. N kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ìtàn yìí fún níbí ló máa ń bi mí bóyá Lọpẹ́ padà kọ oókan, àti ọjọ́ orí tó fi kọ ọ́. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. N kò ní sọ ọ́. Wọ́n ti fi ìbéèrè yẹn na ọmọ tó. Bí wọ́n bá gbé ìwé méjìlá náà wá sí iwájú mi lónìí, pẹ̀lú ọwọ́ mi tó ti ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ báyìí, tí kò tiẹ̀ ní nílò ti òsì mọ́, màá jókòó lé ọwọ́ náà.